Ìjàǹbá Uber, Lyft àti ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ ní Amẹ́ríkà: ta ló máa sanwó, kí lẹ sì máa ṣe?

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n gbá mi lẹ́yìn níbi tí mo ti ń ṣe Uber. Ìnṣọ́ránsì mi ní àwọn ò ní san kọ́bọ̀. Ta ni kí n dojú kọ?" Láti Houston ni wọ́n ti máa ń bi mí ní ìbéèrè yìí, láti Dallas, láti Atlanta, nígbà míì láti Maryland. Láàárín ọdún kan sí méjì yìí, òmíràn ti tẹ̀ lé e: "Ọkọ̀ tí kò sẹ́nì kankan nídìí stíárìn ló gbá ìyá mi. Ṣé kọ̀ǹpútà ni màá gbé lọ sí kóòtù ni?"

Èmi kì í ṣe lọ́yà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wa ọkọ̀ áàpù (Uber, Lyft àti irú wọn, tí èrò ń fi fóònù pè) ní Houston, ìjàǹbá méjì ló sì kọ́ mi ní púpọ̀ nínú ohun tí ẹ máa kà yìí. Texas ni mo mọ̀ jù, nítorí náà òfin Texas ni mo gbé e kà. Níbi tí ìpínlẹ̀ míì bá ti yàtọ̀ gan-an, mo sọ ọ́.

Ẹ fi ìbéèrè méjì sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á. Kí ni áàpù ń ṣe ní ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ kọ lu ọkọ̀? Ta ni òfin kà sí awakọ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn? Ìdáhùn sí méjèèjì ló ń pinnu àpò tí owó ti máa jáde. Ẹ̀rí rẹ̀ sì máa ń pòórá kíá bí ẹ ò bá tètè dì í mú.

## Lójú ibi tó ti ṣẹlẹ̀

1. Ẹ pe 911. Ní Texas, bí ẹnikẹ́ni bá farapa, tàbí tí ọkọ̀ kan ò bá ṣeé wà mọ́, ọ̀ranyàn ni kí ẹ fi tó ọlọ́pàá létí lójú ẹsẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ láàárín ara wa" tí a mọ̀ nílé ò ṣiṣẹ́ níbí. Ẹni tó ń bẹ̀ yín lójú títì lónìí lè sọ lọ́la pé ẹ̀yin lẹ gbá òun.

2. Ẹ ya àwòrán ojú áàpù. Bí kò bá ti sí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, èyí ló ṣáájú àwòrán ọkọ̀ pàápàá. Bí ẹ bá jẹ́ dírẹ́bà, ẹ ya ibi tó hàn pé ẹ ń dúró de iṣẹ́, tàbí pé ẹ ń lọ gbé èrò, tàbí pé èrò wà lọ́kọ̀, kí aago sì hàn lókè fóònù. Bí ẹ bá jẹ́ èrò, ẹ ya ojú ewé ìrìnàjò náà: orúkọ dírẹ́bà, nọ́ńbà ọkọ̀, máàpù. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ojú ewé yẹn ò ní rí bákan náà mọ́.

3. Ẹ ya àwòrán àti fídíò ọkọ̀. Nọ́ńbà gbogbo ọkọ̀, ibi tí kálukú dúró sí kí wọ́n tó wọ́ wọn kúrò, iná ojú títì, àmì orí ilẹ̀. Bí ọkọ̀ náà kò bá ní dírẹ́bà, ẹ wá nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ kọ sára rẹ̀, kí ẹ sì ya kámẹ́rà tó wà lórí òrùlé rẹ̀. Ẹ wo òkè pẹ̀lú: ilé epo tàbí ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí lè ní kámẹ́rà tó rí ohun gbogbo, ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń pa fídíò rẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan.

4. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù àwọn tó rí i. Kí ọlọ́pàá tó dé, wọ́n á ti lọ.

5. Ẹ ṣọ́ ẹnu yín. Ibí ni mo ti rí i tí àwọn èèyàn wa ń kó sí wàhálà jù lọ. Bí ẹnì kan bá ṣubú lójú wa, "pẹ̀lẹ́ o" ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa, a ó sì yí i sí "sorry". Létí ará Amẹ́ríkà, "sorry" lè túmọ̀ sí "èmi ni mo jẹ̀bi", ọlọ́pàá sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ó farapa, ẹ ràn án lọ́wọ́, ẹ má sọ ẹni tó fà á. Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ sọ fún ọlọ́pàá. Ohun tí ẹ rò, ẹ fi sínú.

6. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ọlọ́run ló yọ yín lóòótọ́, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì lọ. Ọrùn àti ẹ̀yìn kì í sábà dùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, òṣìṣẹ́ ìnṣọ́ránsì á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn.

7. Ẹ fi tó áàpù létí nínú áàpù fúnra rẹ̀, kí ẹ sì ya àwòrán ohun tí ẹ kọ. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ti tó: ọjọ́, aago, ibi, pé ìjàǹbá ṣẹlẹ̀. Ẹ má ṣàlàyé ẹ̀bi níbẹ̀.

## Bí ẹ bá jẹ́ dírẹ́bà áàpù

Ipò mẹ́rin ló wà. Ẹ mọ èyí tí ẹ wà:

- Áàpù wà ní pípa. Ìnṣọ́ránsì tiyín nìkan ló wà ńlẹ̀. Èyí tó kéré jù tí Texas gbà ni $30,000 fún ẹnì kan tó farapa, $60,000 fún gbogbo àwọn tó farapa nínú ìjàǹbá kan, àti $25,000 fún dúkìá.
- Áàpù wà ní títàn, ẹ ń dúró de iṣẹ́. Ìnṣọ́ránsì tó bá òfin ọkọ̀ áàpù mu gbọ́dọ̀ wà: $50,000 fún ẹnì kan, $100,000 fún gbogbo wọn, $25,000 fún dúkìá.
- Ẹ ti gba iṣẹ́, ẹ ń lọ gbé èrò. Ó di $1,000,000.
- Èrò wà lọ́kọ̀, títí tó fi sọ̀kalẹ̀. $1,000,000 náà ni.

Ipò kejì yẹn ni ẹ jẹ́ kí n dúró lé lórí díẹ̀, torí òun ló fọwọ́ bà mí. Mo páàkì sí iwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà Bissonnet, áàpù wà ní títàn, mo ń retí iṣẹ́. Ọkùnrin kan fi ẹ̀yìn ọkọ̀ gbá mi. Kò ní ìnṣọ́ránsì. Mo pe ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tèmi. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni bóyá mò ń ṣiṣẹ́ áàpù. Mo sọ òótọ́. Wọ́n ní ìwé àdéhùn mi yọ iṣẹ́ gbígbé èrò fún owó kúrò, àti pé títan áàpù ti tó. Mo wá pe ti áàpù: wọ́n ní owó tó wà ní ipò yẹn jẹ́ fún ohun tí mo bá ṣe fún ẹlòmíràn, kò kan ọkọ̀ tèmi. Mo fi $4,800 ara mi tún ọkọ̀ ṣe. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń san gbèsè yẹn.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ń ta àfikún kan fún àwọn dírẹ́bà áàpù, tí wọ́n ń pè ní rideshare endorsement. Iye rẹ̀ kéré sí ohun tí mo fi tún bọ́ńpà ṣe. Bí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ yìí, kódà ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan, ẹ pe ẹni tó ń ta ìnṣọ́ránsì fún yín kí ẹ tó tún tan áàpù.

### Àṣìṣe tó ń ba ẹjọ́ dírẹ́bà jẹ́

Pípa áàpù kí èrò lè sanwó lọ́wọ́. Èrò láti pápákọ̀ òfurufú ní "ẹ fagi lé e, màá fún yín ní ọgọ́ta dọ́là". Bí áàpù bá ti kúrò níbẹ̀, mílíọ̀nù kan dọ́là náà ti kúrò níbẹ̀. Ìnṣọ́ránsì tiyín kì í sì í sábà bo èrò tó ń sanwó. Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣẹ́kù.

Wíwa ọkọ̀ lórí àkáǹtì ẹlòmíràn. Mo mọ ìdí tí àwọn kan fi ń ṣe é, mo mọ bí ìwé ṣe ń le. Ṣùgbọ́n bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lè kọ̀ pátápátá, ẹni tó ni àkáǹtì náà á sì wọ inú ẹjọ́ pẹ̀lú yín. Kí ẹnikẹ́ni má yá yín ní àkáǹtì, kí ẹ̀yin náà má yá ènìyàn.

Rírò pé $1,000,000 á tún ọkọ̀ yín ṣe. Rárá. Ó wà fún àwọn ẹlòmíràn tí ìjàǹbá náà pa lára tàbí tó ba dúkìá wọn jẹ́. Ní ti ọkọ̀ tiyín, Uber àti Lyft ní ètò kan, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ìnṣọ́ránsì tiyín náà ti ń bo ọkọ̀ yín fún ìkọlù, ẹ̀yin sì ni ẹ máa kọ́kọ́ san $2,500. Bí ọkọ̀ kò bá bàjẹ́ ju iye yẹn lọ, kò sí ohun tí ẹ máa rí gbà.

Owó orí. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n san owó iṣẹ́ tí ẹ pàdánù, ìwé owó orí yín ni wọ́n máa béèrè. Ohun tí ẹ ò kọ síbẹ̀, ó máa ṣòro kí ẹ tó lè sọ pé ẹ pàdánù rẹ̀.

## Bí ẹ bá jẹ́ èrò

Ọkàn yín lè balẹ̀ ní ti ẹ̀bi: ó ṣọ̀wọ́n kí èrò tó jókòó sẹ́yìn jẹ̀bi ìjàǹbá. Iṣẹ́ tiyín ni láti mọ ilẹ̀kùn tí ẹ máa kàn.

1. Bí dírẹ́bà yín ló jẹ̀bi, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìnṣọ́ránsì $1,000,000 ti áàpù. Ẹ rántí pé gbogbo ẹni tó farapa ló máa pín in.
2. Bí ọkọ̀ kejì ló jẹ̀bi, ìnṣọ́ránsì rẹ̀ ló ṣáájú.
3. Bí ọkọ̀ kejì bá sá lọ, tàbí tí kò ní ìnṣọ́ránsì, ẹ béèrè bóyá ti áàpù ní apá tó ń bo irú èyí. Iye rẹ̀ yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Ní California, $1,000,000 ni tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, wọ́n gé e sí $60,000 fún ẹnì kan àti $300,000 fún ìjàǹbá kan.
4. Ẹ wo ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ ti ilé yín pẹ̀lú, kódà bí ọkọ̀ yín bá wà nílé lọ́jọ́ náà. Ní Texas, ẹni tó ń ta ìnṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ fún yín ní PIP, ìyẹn owó ìtọ́jú tí wọ́n máa san láìwo ẹni tó jẹ̀bi, ó kéré tán $2,500, àyàfi bí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé pé ẹ ò fẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ti fọwọ́ sí i láìkà á.

Ẹ kò ní rí ilé-iṣẹ́ áàpù fúnra rẹ̀ mú bọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé dírẹ́bà kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn. Texas sì ti fi òfin tì wọ́n lẹ́yìn láti oṣù kẹsàn-án 2023: kí ẹ̀bi dírẹ́bà tó lè di ẹ̀bi ilé-iṣẹ́, ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn ti pọ̀ gan-an. Nítorí náà, ìnṣọ́ránsì ni kí ẹ lé. Ẹ má fi ọdún kan jà pẹ̀lú orúkọ ńlá.

Bọ́tìnì "Agree" náà ńkọ́? Tọkọtaya kan farapa gan-an nínú Uber ní New Jersey ní 2022. Nígbà tí wọ́n gbé ilé-iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù, ó jáde pé wọ́n ti fi fóònù ìyàwó ra oúnjẹ lórí Uber Eats ṣáájú ìjàǹbá náà, wọ́n sì tẹ "Agree". Ìyàwó náà ní ọmọbìnrin òun tó ṣì kéré ló tẹ̀ ẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìpínlẹ̀ náà ní títẹ̀ yẹn dè wọ́n: kí wọ́n lọ sí arbitration, níbi tí ẹnì kan á ti gbọ́ ẹjọ́ náà ní kọ̀rọ̀, láìsí júrì. Ẹ yọ áàpù tó ní káàdì yín kúrò lórí fóònù tí àwọn ọmọdé ń lò. Bí ojú ewé tuntun bá sì yọ lẹ́yìn ìjàǹbá tó ní kí ẹ fara mọ́ àdéhùn tuntun, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó bá lọ́yà sọ̀rọ̀.

## Bí ọkọ̀ yín bá ń ran yín lọ́wọ́ láti wa

Ọ̀pọ̀ dírẹ́bà áàpù ti ra Tesla báyìí, mo sì ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé "ọkọ̀ ló ń wa ara ẹ̀". Autopilot àti èyí tí wọ́n ń pè ní Full Self-Driving (Supervised), àwọn ètò inú Tesla tó ń bá yín wakọ̀, kò sọ ọkọ̀ náà di awakọ̀. Lójú òfin, ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbẹ̀ ni awakọ̀, kódà bí ọwọ́ yín bá wà lórí itan.

Ẹ wo ẹjọ́ méjì yìí. Ní Tempe, ní Arizona, ní oṣù kẹta 2018, ọkọ̀ tí Uber fi ń dán ẹ̀rọ awakọ̀ wò gbá obìnrin kan tó ń sọdá títì lóru, ó sì kú. Òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí stíárìn láti máa ṣọ́ ọkọ̀ náà ń wo fóònù. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní àwọn ò rí ẹ̀sùn ọ̀daràn tí àwọn lè fi kan ilé-iṣẹ́ náà. Òṣìṣẹ́ yẹn ni wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ó gbà pé òun jẹ̀bi ní 2023, wọ́n sì fi í sábẹ́ ìṣọ́ ilé-ẹjọ́ fún ọdún mẹ́ta.

Ẹjọ́ kejì wá láti Florida. Ní 2019, ẹnì kan ń fi Autopilot lọ ní Key Largo, fóònù rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó tẹ̀ wálẹ̀ láti mú un. Ọkọ̀ náà kọjá ibi tó yẹ kó dúró, ó sì pa ọ̀dọ́bìnrin kan. Ní oṣù kẹjọ 2025, júrì ní Miami pín ẹ̀bi náà: ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún fún awakọ̀, ìdá 33 fún Tesla. Gbogbo owó tí wọ́n ní kí Tesla san lé ní mílíọ̀nù 240 dọ́là, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó ìjìyà. Ìdá 33 yẹn ni ìròyìn pariwo. Èmi fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń wakọ̀ wo ìdá 67.

Bí ẹ bá ní irú ọkọ̀ yìí:

- Ẹ fi USB, ohun kékeré tó ń tọ́jú fídíò, sínú rẹ̀ kí kámẹ́rà lè máa pa fídíò mọ́. Láìsí USB, ẹ lè má rí fídíò kankan gbà.
- Lẹ́yìn ìjàǹbá, ẹ tọ́jú fídíò náà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn.
- Ẹ má jẹ́ kí ìnṣọ́ránsì gbé ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ lọ tà kí lọ́yà yín tó rí ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ máa ń tọ́jú ìwọ̀n eré àti bíréèkì ti ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ṣáájú ìkọlù.
- Ẹ má sọ fún ọlọ́pàá pé "èmi kọ́ ni mo ń wà á". Kò ní gbà yín sílẹ̀, ó sì jẹ́ ìjẹ́wọ́ pé ojú yín ò sí lọ́nà.

## Bí ọkọ̀ tí kò ní dírẹ́bà bá kọ lù yín

Waymo, ilé-iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ tí kò ní dírẹ́bà gbé èrò, wà ní Phoenix, San Francisco àti Los Angeles. Láti 2025, ẹni tó bá pe Uber ní Austin tàbí Atlanta lè rí i pé Waymo ló dé. Tesla náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Austin ní oṣù kẹfà 2025.

Ta ni awakọ̀? Texas ti dáhùn láti 2017: bí ẹ̀rọ bá ń wa ọkọ̀, ẹni tó ni ẹ̀rọ náà ni òfin ìrìnnà kà sí awakọ̀, kódà bí kò bá sí nínú ọkọ̀. Ẹ má wá èrò tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Òun náà lè ti farapa. Ní ti owó gbà-máà-bínú, ọ̀nà méjì ni lọ́yà sábà máa ń gbà: pé ilé-iṣẹ́ náà ṣe àìbìkítà, tàbí pé ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní àbùkù. Ọ̀nà kejì gba owó àti ọ̀mọ̀ràn ẹ̀rọ, nítorí náà lọ́yà tó ti ṣe irú rẹ̀ rí ni kí ẹ wá.

Ohun tó yàtọ̀ ní ojú ibẹ̀:

1. Ẹ má dúró síwájú ọkọ̀ náà, ẹ má sì ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ kò mọ ìgbà tó máa tún gbéra.
2. Ohùn kan lè bá yín sọ̀rọ̀ láti inú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ni, wọ́n sì lè máa gbà á sílẹ̀. Ẹ sọ pé ẹnì kan farapa, pé ẹ ti pe 911. Ó tán.
3. Ẹ rí i dájú pé ìwé ọlọ́pàá sọ kedere pé kò sí ẹnikẹ́ni nídìí stíárìn. Mo ti rí ìwé kan tí wọ́n kọ orúkọ èrò síbi tó yẹ kí orúkọ awakọ̀ wà. Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi tún un ṣe.
4. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà pé kí wọ́n má pa ohunkóhun rẹ́. Ẹ fi certified mail rán an, kí ẹ sì tọ́jú ìwé tó fi hàn pé wọ́n gbà á.

Ohun tó yẹ kó wà nínú lẹ́tà yẹn:

- ọjọ́, aago, oríta, nọ́ńbà ọkọ̀
- fídíò láti gbogbo kámẹ́rà, kì í ṣe èyí tó kọjú síwájú nìkan
- àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ̀rọ rí àti ìpinnu tó ṣe, láti ṣáájú ìkọlù títí ọkọ̀ fi dúró pátápátá
- ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ wọn bá yín sọ
- ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà

"Títí ọkọ̀ fi dúró pátápátá" yẹn ní ìdí. Ní San Francisco, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá 2023, ọkọ̀ kan tí ènìyàn ń wà gbá obìnrin kan tó ń sọdá, ó jù ú síwájú ọkọ̀ Cruise tí kò ní dírẹ́bà, awakọ̀ àkọ́kọ́ sì sá lọ. Ọkọ̀ Cruise náà gbá a, ó dúró, lẹ́yìn náà ó tún gbéra láti lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó sì wọ́ obìnrin náà nílẹ̀ ní nǹkan bí ogún ẹsẹ̀ bàtà. Ìròyìn tí ilé-iṣẹ́ náà kọ́kọ́ kọ fún ìjọba àpapọ̀ kò sọ ti wíwọ́ yẹn. California gba ìwé àṣẹ wọn, ìjọba àpapọ̀ sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù kan àbọ̀ dọ́là lé wọn. Ẹni tó bá béèrè fídíò ìkọlù nìkan á pàdánù èyí tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Láti 2021, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò ojú pópó, NHTSA, ti pa á láṣẹ pé kí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ wọ̀nyí máa jábọ̀ ìjàǹbá wọn, wọ́n sì ń gbé àkójọ náà síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá tiyín níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan sí méjì.

## Ẹ̀bi yín mélòó, àti ọdún mélòó lẹ ní?

Ibi tí ẹ ń gbé ló pinnu rẹ̀.

- Texas: bí ẹ̀bi yín bá kọjá ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ ò ní gba nǹkan kan. Bí kò bá kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n á yọ ìdá tiyín kúrò. Ọdún méjì lẹ ní láti pẹjọ́.
- Georgia: bó bá ti pé ìdá 50, ó ti tán. Ọdún méjì.
- New York: ẹ lè gba èyí tó ṣẹ́kù bó ti wù kí ẹ̀bi yín pọ̀ tó. Ọdún mẹ́ta.
- Maryland, Virginia, North Carolina: ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Bí wọ́n bá rí ẹ̀bi *díẹ̀* lọ́wọ́ yín, bó jẹ́ ìdá kan péré, wọ́n lè fi lé yín lọ lọ́wọ́ òfo. Ọdún mẹ́ta ni ní Maryland àti North Carolina, méjì ní Virginia. Àwọn èèyàn wa pọ̀ ní Maryland, ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni òfin náà ṣe le tó. Níbẹ̀, "bóyá èmi náà sáré díẹ̀" tí ẹ bá sọ fún òṣìṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lórí fóònù lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin tó wà ní London: òfin tiyín rọrùn fún ẹni tó farapa. Lábẹ́ òfin 2018, bí ọkọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí pé ó lè wa ara rẹ̀ bá ń wa ara rẹ̀ nígbà ìjàǹbá, ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ náà ló máa kọ́kọ́ sanwó fún yín, kó tó lọ bá ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà jà. Ó wù mí kí Texas kọ́ èyí.

## Bàbá tàbí ìyá tó wá kí yín láti ilé

Wọ́n máa ń bi mí bóyá ìyá tó wá tọ́jú ọmọ tuntun lórí físà àlejò lè béèrè owó. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí ìjàǹbá pa lára ní ẹ̀tọ́ yìí láìwo irú ìwé tó fi wà nílùú. Ẹ má fi ìbẹ̀rù gbé màmá pa mọ́. Kí wọ́n tó padà sílé, ẹ gba gbogbo ìwé ilé ìwòsàn, kí lọ́yà sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀.

## Lọ́yà àti ìwé tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí

Bí ẹni tí ẹ kò pè bá wá bá yín ní ilé ìwòsàn pé òun ní lọ́yà tó dáa, ẹ lé e. Ìwà ọ̀daràn ni ní Texas kí lọ́yà máa rán ènìyàn kiri kó oníbàárà bẹ́ẹ̀. Kódà lẹ́tà lásán, lọ́yà kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí ẹni tó farapa láti wá iṣẹ́ kí ọjọ́ 31 tó pé.

Lọ́yà ìjàǹbá kì í sábà gba owó ṣáájú. Ìdá kan nínú ohun tí wọ́n bá rí gbà ni wọ́n máa ń mú, ó sábà jẹ́ ìdá 33 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ béèrè bóyá kí wọ́n tó yọ owó ìnáwó ẹjọ́ ni wọ́n ń ka ìdá yìí tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọkọ̀ nìkan ló bàjẹ́, tí ara gbogbo èèyàn sì le, ẹ lè ṣe é fúnra yín láìsí lọ́yà.

- Ẹ má jẹ́ kí ìnṣọ́ránsì ẹni kejì gba ohùn yín sílẹ̀. Kò sí òfin tó fi dandan lé e.
- Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n ń pè ní release, ìyẹn ìwé pé ẹ ò ní béèrè nǹkan kan mọ́, kí dókítà tó sọ pé ìtọ́jú ti parí. Sọ̀wédowó $1,500 tó tètè dé máa ń wá pẹ̀lú rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn pa títí láé.
- Ní Texas, bí wọ́n bá gbà yín sí ilé ìwòsàn láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìjàǹbá, ilé ìwòsàn náà lè di owó gbà-máà-bínú yín mú títí wọ́n fi gba tiwọn. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà bá wọn dúnàádúrà lórí rẹ̀ kí owó tó jáde.
- Ẹ gba ìwé ọlọ́pàá, CR-3, lórí ìkànnì TxDOT, ilé-iṣẹ́ ìjọba Texas tó ń rí sí ọ̀nà àti ìrìnnà. $6 ni. Ẹ kà á, bí àṣìṣe bá sì wà níbẹ̀, ẹ tètè padà sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tó kọ ọ́.

## Bí wọ́n bá kọ̀ láti san

Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì tọ́ka sí ibi tó wà nínú ìwé àdéhùn. Bó bá jẹ́ ìnṣọ́ránsì tiyín, Texas fún wọn ní ọjọ́ 15 láti jẹ́wọ́ pé wọ́n ti rí ìbéèrè yín gbà, àti ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ́yìn tí gbogbo ìwé bá ti pé lọ́wọ́ wọn. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi ìwé kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sílẹ̀.

Bí ìnṣọ́ránsì méjì bá ń ti ara wọn, tí tiyín ní ti áàpù ni, tí ti áàpù ní tiyín ni, àwòrán ojú fóònù tí ẹ yà lójú ibẹ̀ ló máa parí ìjà náà. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Bí wọn ò bá tíì gbọ́, ẹ fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ Texas Department of Insurance lórí ìkànnì wọn. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á sì ní kí ilé-iṣẹ́ náà dáhùn. Nígbà tí wọ́n bá fún yín ní nọ́ńbà ẹ̀sùn, ẹ kọ ọ́ sórí gbogbo lẹ́tà tí ẹ bá tún kọ sí ilé-iṣẹ́ náà.